Ohun Tí Ìwé Gbà

Aago mẹ́jọ kò tíì lù, mo ti wà nídìí tábìlì.
Yíǹkì dì nínú ìgò bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná;
mo fi í há abíyá kí ó lè yọ́.
Èéfín èédú ti bo ojú fèrèsé,
odò Tẹ́mísì ń mí lẹ́yìn ògiri bí arúgbó tó gun òkè.
Èmi Ambrose Tilney, igbákejì akọ̀wé ilé aṣòfin,
ìka mẹ́ta mi dúdú, ọṣẹ ìyàwó mi kò ràn án.

Àlùfáà gbàdúrà. Ó gùn
débi pé ajá tí aṣòfin kan mú wọlé sùn lọ.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Àdúrà." Ọ̀rọ̀ kan péré.
Nítorí ìwé wa kò gba ariwo,
kò gba èébú, kò gba ẹ̀rín, kò gba ikọ́;
ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí nìkan ló gbà.

Àbá òfin afárá, lórí odò kan tí n kò fojú rí rí:
wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ọ́.
Àbá òfin lórí ìwọ̀n aṣọ onírun àgùntàn:
Sà Peregrine Lusby dìde,
ó fi odidi wákàtí kan ki àgùntàn
bí ẹni ń ki baba tó bí i lọ́mọ,
irun rẹ̀, ìrìn rẹ̀, koríko tó jẹ tó fi sanra.
Ni Fulke Denholt, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, bá ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"
Ilé dàrú. Fìlà ń fò.
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.
Abẹnugan ní kí wọ́n ṣe jẹ́ẹ́, ó ní kí wọ́n ṣe jẹ́ẹ́,
ohùn rẹ̀ há.
Mo kọ ọ́: "A sún un di ọjọ́ Ẹtì."

Ilẹ̀ ṣú lójijì, bó ṣe máa ń ṣú níbí nígbà òtútù.
Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé àbẹ́là wá.
Ẹlòmíràn ní rárá, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀.
Wọ́n bá pín ilé sí méjì nítorí àbẹ́là:
àwọn tó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ jáde sí gbọ̀ngàn,
àwọn tó fẹ́ oúnjẹ alẹ́ jókòó pa,
nínú òkùnkùn náà ni wọ́n ti ka orí ara wọn,
wọ́n ń fọwọ́ tọ́ èjìká bí ẹni ń ra ewúrẹ́.
Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Orí mẹ́ta ni àbẹ́là fi borí.

Lábẹ́ àbẹ́là náà ni wọ́n ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀
Thomasine Garrod, opó atukọ̀, ará Harwich.
Ọkọ rẹ̀ sin ọba lórí omi fún oṣù méjìdínlógún;
ibà pa á; bébà ni wọ́n fún un dípò owó,
olótì sì ra bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdajì iye rẹ̀.
Ẹni tó ń kà á ń yán.
Ọ̀rá àbẹ́là kán sórí "oṣù méjìdínlógún",
kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi.
Ilé dákẹ́. N kò lè pè é ní àánú,
ikùn ẹnìkan ń kùn lápá òsì.
Mo kọ ọ́: "A kà á. A gbé e lé orí tábìlì."

Obìnrin náà dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn,
yìnyín ti bo gèlè rẹ̀.
Ó ní, "Akọ̀wé, kí ni wọ́n wí?"
Mo ní wọ́n gbé e lé orí tábìlì, ìyá.
Ó wò mí.
"Nílé tèmi, ohun tí a bá gbé lé tábìlì, jíjẹ la ń jẹ ẹ́."

Ìwé kò gba ìyẹn.
Mo délé, ìyàwó mi gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú mi,
ó ní ṣé wọ́n ti san owó oṣù tí wọ́n jẹ wá.
Mo ń wo oúnjẹ náà lórí tábìlì
títí ọ̀rá fi dì lójú rẹ̀.