Ìdámẹ́rin Yíyí

Ní ẹ̀yìn Modena, kùrukùru ti gbé odò Secchia mì,
orí igi pọ́pílà nìkan ló kù tó ń mí.
Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Iná ti tàn nílé-iṣẹ́ wa.
Ọkọ̀ tuntun náà wà níhòòhò lórí àtẹ irin,
eegun rẹ̀ dúdú: òwú kábọ́ọ̀nù
tí a hun, tí a rẹ sínú oje, tí a yan nínú ààrò.
Èèyàn méjì lè gbé e láìmí hẹlẹ,
òòlù kò sì lè bá a wí.

Sílíńdà méjìlá,
mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì,
wọ́n là bí ìwé tí a ṣí sórí tábìlì.
Èmi ni mo wọn àwọn ọ̀pá písítìnì,
èyí tó wúwo jù fi èyí tó fúyẹ́ jù sílẹ̀
pẹ̀lú ìwọ̀n ìyẹ́ ológoṣẹ́ kan, kò tó bẹ́ẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yíyí ní ìṣẹ́jú kan.
Kà á wò. Kí o tó pe "ení" tán
ó ti yí ní àádọ́jọ ìgbà.

Àmọ́ tó bá ti dé ẹgbẹ̀rún méje,
ohùn kan á yọ, tín-ín-rín,
bí ẹ̀fọn lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.
Kòmpútà ní kò sí nǹkan kan.
Tebaldi, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ní kò sí nǹkan kan,
ó fi ìlà kan hàn wá,
ìlà náà tẹ́jú bí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jẹun lé rí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Learco Bedogni,
tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá tòmátì rẹ̀ jà.
Ó gun kẹ̀kẹ́ wá. Kò kí Tebaldi.
Ó yọ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò,
ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí,
ó dijú
bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ.
"Bólútì kẹrin, apá òsì. Ẹ fún un jù.
Ìdámẹ́rin yíyí péré. Ẹ jẹ́ kó mí."

Èmi ni mo fún un.
N kò wí. Mo mú sípánà, mo tú u,
etí mi gbóná.

Lọ́jọ́bọ̀, Oriella Gualdi wà á gun òkè Abetone,
èmi lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìwọ̀n lórí itan mi.
Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.
Orí mi lẹ̀ mọ́ àga,
ìyókù mi ṣì wà lẹ́yìn lójú títì, ó ń sáré bọ̀.
Ìyẹ́ ìdí ọkọ̀ náà dìde, kì í ṣe pé ó fẹ́ẹ́ fò:
afẹ́fẹ́ ló fi ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mẹ́fà. Méje.
Mo ń dúró de ẹ̀fọn.
Ẹ̀fọn kò wá.

Ní kọ́nà kẹtàlá, ajá kan jókòó sáàárín títì,
ó ń fẹsẹ̀ yún etí.
Oriella tẹ bíréèkì. Ìgbànú gé mi léjìká,
páànù bíréèkì pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
ọkọ̀ dúró ṣinṣin, táyà kan kò yẹ̀.
Ajá wò wá. Ó yún etí kejì kó tó dìde.
"Kọ èyí sílẹ̀," ni Oriella wí.
"Eré ṣíṣe, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Àádọ́rin la máa ṣe, gbogbo rẹ̀ ti lówó lórí.
Ọ̀kan ń lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Zurich,
ẹnikẹ́ni kò ní wà á, wọ́n á kàn máa wò ó.

Nírọ̀lẹ́ mo bá Learco lọ́nà,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń han wíín-wíín nínú kùrukùru.
Mo ní kó jẹ́ kí n kán ọ́ìlì sí ṣéènì rẹ̀.
Ó ní rárá o,
ohùn yẹn ni ìyàwó òun fi ń mọ̀
pé kí òun gbé omi kaná.