Àlejò Inú Poro

Ilẹ̀ bàbá mi ní ẹ̀yìn Mọ́níyà ti rẹ̀.
Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, bí a ti ń sọ àìsàn àgbà.
Ogún ọdún àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àgbàdo.
Ọdún tí ajílẹ̀ òyìnbó bá wọ́n,
ewé á pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Fadérera gun ọ̀kadà wá láti ilé ìwádìí.
Àpò ọ̀rá kan ló mú dání, kò ju ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan lọ,
ìyẹ̀fun dúdú nínú rẹ̀, bí èédú tí a lọ̀ kúnná.
"Bàbá, wọ́n wà láàyè."
"Àwọn ta ni?"
"Àwọn tí ojú ò lè rí."
Bàbá mi wò mí, ó wo àpò náà.
"Láti ìgbà tí mo ti di ọkọ́ mú, kòkòrò ni mò ń bá jà.
Ẹ̀yin wá ní kí n máa fowó ra kòkòrò wá sóko."

Obìnrin náà kò jiyàn.
Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí,
oúnjẹ ewéko kún inú rẹ̀ bí omi ṣe kún odò,
ewéko ni kò ní igbá tí yóò fi bù ú.
Àwọn wọ̀nyí ni igbá.
Wọn á kọ́lé sí gbòǹgbò sóyà,
sóyà á máa fún wọn ní ohun dídùn lá,
àwọn náà á máa bu oúnjẹ fún un,
ẹnìkan ò ní jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.
"Ẹ fi omi ṣúgà pò ó, ẹ fi ra èso lábẹ́ ibòji.
Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí wọn."

Oòrùn rí wọn.
Àbúrò mi Ọlálérè ló gbé àpò náà síwájú gíláàsì ọkọ̀
lọ́jọ́ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Bódìjà.
Wákàtí mẹ́fà.
A gbin sóyà náà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Bàbá mi kò bínú. Ẹ̀rín ló rín, ìyẹn ló dùn mí jù:
"Àwọn òṣìṣẹ́ yín ti gba ìsinmi."

Lọ́dún kejì, ìyá mi gba àpò náà lọ́wọ́ wa.
Ó fi ewé kókò wé e bí ẹni ń tọ́jú obì,
ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù, níbi tí ilẹ̀ ti tutù,
ó sì ń béèrè lálaalẹ́, "Ṣé wọ́n ti jẹun?"
Poro mẹ́rin péré ni bàbá mi yọ̀ǹda,
èyí tó burú jù lọ, níbi tí èkan pàápàá ti ń wúkọ́.

Ọ̀yà jẹ ọ̀kan.
Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.
Méjì tó kù, ewé wọn dúdú minimini.

Bàbá mi hú ìdí kan.
Kókó wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ gbòǹgbò bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé.
Ó fi èékánná la ẹyọ kan: inú rẹ̀ pọ́n.
Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.
"Ó lẹ́jẹ̀," ló wí, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.
Ó dá gbòǹgbò náà padà sí ihò, ó fi erùpẹ̀ bò ó,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé yóò tún yè.
Kò yè. Ó ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Owó sóyà náà kò san ìdajì gbèsè wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.
Mo sọ ọ́, kí ẹ má baà pè é ní àlọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bàbá mi
tí kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó run orín tán
máa ń bẹ̀rẹ̀ létí poro, á sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé,
"Ẹ kú iṣẹ́ o."
"Ẹ kú" ló ń wí, kì í ṣe "o kú".
N kò tíì bi í bóyá nítorí pé wọ́n pọ̀ ni,
tàbí nítorí pé wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé.