Ikùn Kẹ́tùlù

Wọ́n ní kí n gbé e jù sórí òkìtì irin,
pé irin tó ti dípẹtà kì í di ọmọ tuntun.
Lábẹ́ àpò èédú la ti fà á yọ, ní yàrá abẹ́lẹ̀ Otakar,
lẹ́yìn ìgò kùkúńbà kíkan tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọdún mọ́kànlá:
ẹ̀rọ tí í sọ fọ́tò kékeré di ńlá.
Ọrùn rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ wúwo, ó ń wolẹ̀
bí ẹni tí wọ́n ń bá wí tí kò fèsì.

Mo gbé e lé itan nínú tíráàmù láti Hodolany.
Ọmọdé kan bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹyẹ ni.
Yìnyín ń bọ́ sórí Olomouc,
mo fi etí kóòtù bò ó lórí,
èmi Vendula, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn jẹun,
tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ ju kí n tẹ bọ́tìnnì kí n dúró.

Oṣù mẹ́ta ni.
Ẹwìrì rẹ̀ ti ya bí ètè nínú òtútù;
mo gé ìbọ̀wọ́ awọ tí ọkọ mi gbàgbé nígbà tó ń kó lọ,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn.
Ó wúlò níbẹ̀ ju bó ti wúlò lọ́wọ́ olówó rẹ̀.
Wáyà rẹ̀, èkúté ti fi jẹun àárọ̀.
Mo fi ọtí kíkan rẹ ìpẹtà mọ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ha á.
Ṣùgbọ́n awò! Awò ni mo bẹ̀rù.
Èbu ti ta okùn sójú rẹ̀ bí aláǹtakùn.
Mo mí sí i, mo fi etí yẹ̀rì àtijọ́ nù ún,
bí a ti í nu ojú ọmọ tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.
Kò mọ́ tán. Mo ní ó tó.

Radim tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ wá wò ó,
ó kán òróró sí ọ̀pá, ó yí ọwọ́ rẹ̀: orí gòkè, orí sọ̀kalẹ̀.
“Ta ló tún ń ṣe èyí láyé tí fóònù wà?”
Mo ní, “Èmi.”
Ó lọ. Ó padà wá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì kan, ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé,
pé kí n fi rọ́pò èyí tó sọnù.

Lálẹ́ Sátidé mo fi pákó dábùú ọpọ́n ìwẹ̀,
mo fi tówẹ́lì dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo tan gílóòbù pupa.
Fíìmù kan ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà;
Otakar ló fi síbẹ̀, tí kò padà wá yọ ọ́.
Nínú fíìmù, dúdú a di funfun,
ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ a dà bí ìyàwó.
Mo tan iná. Ení, èjì, títí dé ẹ̀ẹ́dógún. Mo pa á.
Mo ri bébà sínú omi kẹ́míkà, mo ń mì í.

Kẹ́tùlù.
Kẹ́tùlù lásán, lórí sítóòfù, tí ẹnu rẹ̀ ń rú èéfín.
Mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi gbá ògiri.
Gbogbo wàhálà yìí, nítorí omi gbígbóná!

Kí ló mú mi tún yí ọwọ́ ọ̀pá? N ò mọ̀.
Mo gbé orí rẹ̀ gòkè, ó kọjá dígí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà,
ikùn kẹ́tùlù nìkan ló kù lórí bébà,
ikùn tó ń dán,
nínú rẹ̀ fèrèsé kan tó tẹ̀ bí ọrun,
Otakar, pẹ̀lú kámẹ́rà láyà,
Otakar àpọ́n, tó fi ogójì ọdún jẹun nídìí tábìlì oníjòkòó kan,
àti ọwọ́ ẹnìkan lọ́rùn rẹ̀.
Ọwọ́, èjìká, àti ibi tó yẹ kí ojú wà.

Mo tún gbé e sókè: ojú náà di iyanrìn.
Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ó di kẹ́tùlù.
Láàárín méjèèjì, ibì kan wà, ìwọ̀n ìka kan,
tó dà bíi pé ẹni náà ń rẹ́rìn-ín,
ọ̀pá kò sì dúró níbẹ̀, ó ń yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò tì í mú.
Bébà ku mẹ́rin.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.