Òtútù Sùn sí Kòtò

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ní Fẹ́abáǹkì, ní Àlásíkà.
Mo gbé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.
Méjìlélógójì nísàlẹ̀ òdo létí odò;
ìpéǹpéjú mi lẹ̀ mọ́ra.
Èéfín ilé Pọ́lìn gòkè díẹ̀,
ó dúró, ó tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ẹni tó forí sọ àjà.

Wọ́n kọ́ wa ní Ìgbájọ
pé bí a ṣe ń gòkè ni ooru ń dínkù.
Òótọ́ ni. Mo ti wọ súwẹ́tà lórí òkè yìí
nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ara ìsàlẹ̀ ń làágùn.
Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù wúwo.
Lóru gígùn tí ẹ̀fúùfù kò fẹ́
ó ń ṣàn wá sí kòtò bí omi,
ó sùn síbẹ̀,
kò sẹ́ni tó lè jí i.

Bọ́ọ̀sì ń pọ́nkè. Mo ń wo ìwọ̀n-òtútù:
ogójì. Ọgbọ̀n.
Méjìdínlógún!
Dẹ́rìlì, ọmọ kíláàsì kejì, bọ́ ìbọ̀wọ́:
"Ọ̀gbẹ́ni Láni, a ti dé Hàwáì!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo bojú wo dígí ẹ̀yìn.
Ìlú ti rì sínú kùrukùru.
Ilé mi wà níbẹ̀,
aya mi ń da omi gbígbóná lé páìpù tó dì.