Ẹ̀gbà Bàbà

Páálí funfun ló tẹ́ sórí tábìlì ìdáná,
ó fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn fìríìjì lọ.
Ìbíyẹmí fi rúlà là á sí méjì:
lápá kan, SÁYẸ́ǸSÌ, ó fi máákà aláwọ̀ ewé kọ ọ́;
lápá kejì, AYÉDÈRÚ, ó fi pupa.
Lóde, òtútù Wínípẹ́ẹ̀gì ń fi èékánná họ fèrèsé.

“Màmá àgbà, ẹ yá mi ní ẹ̀gbà yẹn.”
Èwo?
“Èyí tí ẹ ní ó ń fa làkúrègbé jáde.”

Ogójì dọ́là ni mo rà á lẹ́yìn ìsìn,
lọ́wọ́ Ìyá Adétòóró, tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí
pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọwọ́ òun ń gún iyán.
Mo ní, ọmọ yìí, ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á.
Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, Màmá:
agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.
Ẹ̀gbà ti rojọ́.
Ta ló gbọ́ ti ọwọ́ tí kò wọ̀ ọ́?”

Mo dákẹ́. Òwe mi ló fi nà mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀.
Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Akínṣọlá á ta kọ́ìnì sókè,
á ní kí n dijú,
á de bàbà mọ́ mi lọ́wọ́, tàbí wáyà lásán,
á wá fi báńdéèjì bò ó mọ́lẹ̀.
Èmi kò mọ̀. Ìbíyẹmí kò mọ̀.
Lálẹ́, mo kọ nọ́ńbà ìrora sínú ìwé:
oódo bí ara bá dẹ̀,
mẹ́wàá bí mo bá ti ń pe orúkọ ìyá mi.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.
A tú ìwé. Ọjọ́ bàbà, márùn-ún.
Ọjọ́ wáyà, márùn-ún.

Ó di máákà pupa mú, kò kọ nǹkan kan,
ó ń wo ojú mi bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.
Mo ní, kọ ọ́.
Bí ogójì dọ́là bá ti lọ,
kí òótọ́ má bá a lọ.

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba,
ó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ sísàlẹ̀ páálí:
Ènìyàn kan ṣoṣo la yẹ̀ wò. Kò tíì tó.
Mísíìsì Kofáṣúùkì ló ní kí wọ́n má sọ ju ohun tí wọ́n kà.
Ẹlẹ́rìí tí mo ti rí láyé pọ̀;
n kò rí èyí tó dìde sọ pé òun kò tó.

Ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi o.
Ó ń dán. Ó bá ìró mi mu.

Mo ń wo yìnyín, mo ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́,
mo ní, àṣé òtútù ibí yìí ló ń fà á.
Ọmọ náà gbójú sókè láti inú gúlúù:
“Ta ló kà á, Màmá?”