Ọwọ́ Báǹkì

Ìbíyẹmí ni ìyàwó mi ń jẹ́.
Ìbí yẹ ẹ́ lóòótọ́. Èmi ni kò yẹ.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka owó ní Pánsẹ́kẹ̀,
owó tuntun tó ń dún pàràpàrà, tí kò rùn,
kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ jókòó sórí àga mi.
Bàbá ìyàwó mi ní, "Ṣebí abà wà l'Ọ̀dẹ̀dá?
Ẹ máa bọ̀. Àgùntàn kì í lé èèyàn níṣẹ́."

Kò sọ fún mi pé àsìkò ọyẹ́ ni ìkúnlẹ̀ abiyamọ tiwọn,
pé mẹ́sàn-án ló lóyún nínú ọgbà kan ṣoṣo,
òru sì ni gbogbo wọn fẹ́ bí.

Mo kó bàtà funfun dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Òru ọjọ́ kẹta, Adéwùmí, àbúrò ìyàwó mi, pariwo láti ìta:
"Ibi ń bọ̀ o! Ibi ń bọ̀!"
Mo ti dé ojú títì kí wọ́n tó pè mí padà,
ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, Bíbélì lábẹ́ abíyá.
Kì í ṣe ibi tí à ń sá fún.
Ibi ọmọ ni. Ó ń rọ̀ lẹ́yìn àgùntàn bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò gbẹ,
ìyá ọlọ́mọ sì yíjú padà,
ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ṣàkì.
Mi ò jẹ ṣàkì mọ́.

Ṣówẹ̀mímọ́ ni orúkọ Bàbá. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọwọ́:
ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń wá obì nínú àpò.
"Ọ̀mọ̀wé, wá di iná mú."
Mo di iná mú. Mo ń wo òrùlé. Iná náà ń wo ibi tí mò ń wò.
"Ṣé ojú ọ̀run lo fẹ́ kó bímọ sí ni?"

Gbàmílétí, tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí igbe rẹ̀,
rọbí láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ fi kọ. Ọmọ ò yọ.
Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó fẹ̀ bí ojú ọkọ́;
ó wo ti Ìbíyẹmí, tí oyún tiwa ti mú kó wú bí búrẹ́dì;
ó wá wo tèmi: tẹ́ẹ́rẹ́, rírọ̀, ọwọ́ báǹkì.
"Ọ̀mọ̀wé, fọ̀ ọ́."
Mo fọ̀ ọ́. Mo tún fọ̀ ọ́.
Ǹ bá fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ má bi mí bó ṣe rí níbẹ̀. Ó gbóná.
Mo dijú, mò ń kà bí ẹni ń ka owó:
pátákò kan. Pátákò méjì. Nǹkan kan tó rọ̀, imú ni,
ó sì fi ahọ́n lá mi!
Mo kígbe. Gbàmílétí kígbe.
Wọ́n ní wọ́n gbọ́ wa dé Òṣíẹ̀lẹ̀,
wọn ò kàn mọ èyí tó jẹ́ àgùntàn.

"Bó bá ti fún ọ lọ́wọ́, fà!"
Mo fà.
Ó yọ̀ jáde fìrì bí ọṣẹ,
ó balẹ̀ sórí ṣòkòtò tí mo fi gbéyàwó.
Kò mí. Bàbá ki koríko bọ imú rẹ̀.
Ó sín,
gbogbo rẹ̀ sí mi lẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ náà, láfún àti ọbẹ̀ ilá.
Ilá o, ẹ̀yin èèyàn! Ó ń yọ̀, ó ń fà, ó ń kán sínú àwo.
Mo ní mo wà nínú ààwẹ̀.
Ìbíyẹmí di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín
títí ọmọ inú rẹ̀ fi ta á nípàá.

Wọ́n sọ ọmọ àgùntàn náà ní Báǹkì. Ó ń tẹ̀ lé mi kiri.
Ó ti jẹ aṣọ ìnujú mi mẹ́ta, mi ò bá a wí.
Lóru màá jáde bí ẹni fẹ́ tọ̀,
màá tan iná wò ó bóyá ó ń mí.
Lẹ́ẹ̀kan mo bá Bàbá níbẹ̀; òun náà ní ìtọ̀ ló gbé òun jáde.
A jọ dúró. Ẹnì kankan nínú wa ò tọ̀.

Ìbíyẹmí ti wọ oṣù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìta ni kí n dúró.
Mo ní ó dáa.
Ṣùgbọ́n mo ti gé èékánná.