Orúkọ Tí Mo Fún Un

Owó ìfẹ̀yìntì mi dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà,
nígbà tí mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe.
Òrùlé gba tirẹ̀. Eyín gba tirẹ̀.
Èyí tó kù, mo wé e mọ́ àpò, mo wọkọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n,
Aràmọkọ, Ìgèdè, Ìyìn, ó di Òkèṣà ní Adó,
nítorí fóònù mi ti fọ́ lójú,
ojú ọmọ-ọmọ mi ní Kánádà sì ti pín sí mẹ́ta nínú rẹ̀.

Fásuàn, ọmọkùnrin tó ń tajà,
gbé nǹkan méjì síwájú mi lórí gíláàsì.
Ọ̀kan fẹ̀ bíi síléètì ìgbà èwe mi:
táblẹ́ẹ̀tì tó gbé síìmù mì,
kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Èkejì kò ju ègé ọṣẹ ìfọṣọ lọ,
máífáì, iná wínníwínní kan ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀;
kò ní ojú tìrẹ, kò ní ẹnu,
dátà ló ń fọ́n ká bí ẹni ń da ọkà fún adìyẹ.
"Bàbá, èèyàn mẹ́wàá lè jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mẹ́wàá yẹn ló bà mí lẹ́rù.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pín ṣọ́ọ̀kì fún ọmọ ọlọ́mọ.
Kànga ẹ̀yìnkùlé mi, gbogbo àdúgbò ló ń fà á;
okùn á já, èmi náà ni n ó ra òmíràn.
Mo sì mọ Ẹ̀fọ̀n wa:
òkè níwájú, òkè lẹ́yìn,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tó rugi,
ilé mi tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ló ń yà sí.
Wọ́n ní ẹni wá fọnná kì í pẹ́.
Àwọn wọ̀nyí yóò tẹ́ní.

Máífáì fi ìdajì dín lówó, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ẹnu méjì ni yóò máa jẹ iná:
òun, àti fóònù olójú fífọ́ tí yóò máa mu ún.
Iná ìjọba wa sì rèé, àlejò tí kì í dájọ́.
Mo ní, "Di síléètì yẹn fún mi."
Mo padà sílé bí ẹni tó fẹ́ dá ẹran jẹ ní yàrá.

Ọjọ́ kẹta, Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ télọ̀ ilé kejì, kanlẹ̀kùn.
Fọ́ọ̀mù yunifásítì ń parí lóru ọjọ́ náà;
ó ti gun òkè, ó ti sọ̀, kò rí nǹkan kan.
Mo ní, "Má bínú, máífáì kọ́ ni mo rà."
Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
"Bàbá, ẹ mú un wá."
Ìka rẹ̀ kan ibì kan, ó tún kan ibì kan.
Àṣé táblẹ́ẹ̀tì náà mọ̀ ọ́n fọ́n!
Fásuàn kò sọ. Èmi náà kò bi í.

"Ó ń béèrè orúkọ tí a ó fi pè é."
N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi sọ "Ìbídùn,"
orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè nínú ilé yìí mọ́
láti ọdún kẹrin tí ìyàwó mi ti lọ.

Fọ́ọ̀mù wọlé. Lójú ẹsẹ̀, bátìrì kú fin-ín;
onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ló bá mi jí i.

Báyìí, tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń bo òkè,
wọ́n á bà lórí fẹ́ǹsì mi bí ẹyẹ ẹ̀gà, fóònù lọ́wọ́:
"Bàbá, a ò rí Ìbídùn o! Ṣé Ìbídùn wà nílé?"
Nígbà mìíràn mo máa ń jẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó tàn án.
"Ó wà," ni n ó wí. "Ó ti dé."